Bébà Ara Ìgò Ọṣẹ

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kẹta

"Ta ló kọ ìkọkúkọ yìí sára ìgò ọṣẹ mi? Ṣé jẹ́léósinmi ni mò ń darí níbí ni? Mo ní ta ni! Ẹni tó kọ ọ́ kó bọ́ síwájú kí n tó ka ẹẹ́ta. Tí mo bá fi ka ẹẹ́ta, gbogbo yín lẹ máa lọ sílé!"

Àǹtí mi, ohun tí Ọ̀gá Oníkọ́kọ́rọ́ pariwo láàárọ̀ òní nìyẹn. Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni mo ṣe yí i sí Yorùbá, mi ò fi kún un, mi ò yọ nínú ẹ̀. Ẹ má bínú pé mi ò kọ́kọ́ kí yín. Ṣé ẹ wà dáadáa? Ṣé ẹ̀yìn tó máa ń dùn yín nídìí máṣíìnì ti fúyẹ́? Ẹ bá mi kí àwọn tẹ́ ẹ jọ ń ránṣọ. Ìkíni ti parí nìyẹn, orí mi gbóná.

Mi ò lè sọ èyí lórí fóònù. Ẹ mọ̀ pé Màámi máa ń tan ohùn fóònù síta kí gbogbo wa jọ gbọ́ra, yàrá kan ṣoṣo la sì ní. Ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nìyẹn bíi pé ayé àtijọ́ la wà.

Ẹ mọ̀ pé èmi àti Màámi la jọ ń fọ ilé ọ́fíìsì alájà mẹ́fà yẹn láàárọ̀, ká tó lọ sí kíláàsì òyìnbó lọ́sàn-án. Oníkálukú ló ní kẹ̀kẹ́ tó ń tì. Ìgò funfun mẹ́fà ló wà nínú ẹ̀: ti gíláàsì, ti ilẹ̀, ti tóílẹ́ẹ̀tì, ti igi, ti kápẹ́ẹ̀tì, àti èyí tó ń yọ àbàwọ́n. Ìgò kan náà ni gbogbo wọn. Àkọlé ara wọn nìkan lèèyàn fi ń dá wọn mọ̀.

Ní kíláàsì, ọ̀rọ̀ àsopọ̀ là ń kọ́ láti oṣù tó kọjá: because, but, so, although, until, unless. Tíṣà á kọ gbólóhùn méjì sójú pátákó, á ní ká wá ọ̀rọ̀ tó máa so wọ́n pọ̀. Nínú ìdánwò tí Màámi gbọ́dọ̀ yege kí wọ́n tó lè kọ̀wé pè yín wá bá wa nílùú òyìnbó níbí, ibẹ̀ ni máàkì pọ̀ sí jù. Kò sì fẹ́ wọ Màámi lórí. Wọ́n á ní, "Although I am tired but I come." Tíṣà á fagi lé but. Màámi á yíjú sí mi, wọ́n á ní, "Níbo láyé lèèyàn ti ń sọ 'bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rẹ̀ mí' tí kò ní sọ 'síbẹ̀'? Ṣé wọ́n á kàn fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ lórí ìdúró bẹ́ẹ̀, bí àlejò tí wọn ò fún ní àga?" Gbogbo kíláàsì á rẹ́rìn-ín, àwọn tí ò gbọ́ Yorùbá gan-an á rẹ́rìn-ín.

Ìyẹn ni Màámi fi gé bébà, tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sí i gàdàgbà, tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìgò kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè máa kà á bí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Because wà lára ti gíláàsì. Although wà lára ti tóílẹ́ẹ̀tì. Wọ́n á fọ́n ọṣẹ sí gíláàsì, wọ́n á máa sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "The glass is clean because I clean it." Bébà náà bo àkọlé mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Màámi mọ ìgò wọn nípa òórùn.

Bàbá Onífìlà ni kò mọ̀ ọ́n. Bàbá kan ni wọ́n tó ń fọ àjà kẹfà, tí wọn kì í ṣí fìlà bó ti wù kí ooru mú tó. Táyà kẹ̀kẹ́ wọn yọ lánàá, wọ́n bá yá ti Màámi gòkè. Wọ́n wo ìgò, although ni wọ́n rí. Ta ló mọ iṣẹ́ tí although ń ṣe? Wọ́n fọ́n ọṣẹ tóílẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì gígùn tí àwọn ọ̀gá àgbà fi ń ṣèpàdé. Tábìlì náà bó yányán, ó dà bí orí ẹni tí làpálàpá mú.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá Oníkọ́kọ́rọ́ ṣe kó gbogbo wa jọ sí yàrá tá a ń kó korobá sí. Òun ló ń darí gbogbo àwa tá à ń fọlé. Kọ́kọ́rọ́ bí ogójì ló so mọ́ ìdí, ká tó rí i la ti ń gbọ́ ọ. Ó pariwo ohun tí mo kọ sókè yẹn. Ó ka ení. Ó ka èjì. Màámi bọ́ síwájú, wọ́n ní, "Me. I write." Ó wò wọ́n láti òkè délẹ̀. Ó ní, "Ìwọ? Lọ́jọ́ orí ẹ yìí?" Èdè yẹn ò mọ àgbà, Àǹtí mi. "Ìwọ" tí wọ́n ń pe ọmọ ọwọ́ náà ni wọ́n ń pe Màámi. Ó ní kí wọ́n bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, níṣojú gbogbo wa, kí wọ́n lọ máa dúró sílé. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹrin ni àwọn ọ̀gá àgbà tó ni ilé-iṣẹ́ náà máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ mọ ohun tí ìyẹn já sí. Bí wọ́n bá lé Màámi, kò sí ìwé ẹ̀rí iṣẹ́. Bí kò bá sí ìwé ẹ̀rí iṣẹ́, wọn ò lè pè yín wá, kódà kí wọ́n yege ìdánwò òyìnbó náà lẹ́ẹ̀mẹwàá. Iṣẹ́ tèmi ò kà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ò lè kọ̀wé pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Ojú ń tì mí.

Àbúrò yín,
Pẹ́lẹ́ńgẹ́


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi,

Ìdí máṣíìnì ni lẹ́tà ẹ bá mi. Mò ń kà á, mò ń ránṣọ lọ. Nígbà tí mo dé ibi tábìlì, abẹ́rẹ́ gún mi níka. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí aṣọ funfun oníṣọ́ọ̀ṣì kan, mo ṣì ń fọ ọ́ di bí mo ṣe ń sọ yìí. Mo kí ẹ o. Ṣé o ń jẹun? Ṣé egungun ọrùn ẹ yẹn ti bo díẹ̀?

Ó dùn mí wọ egungun. O mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀bù lọ̀ mí, mo ní rárá, mò ń lọ. Obìnrin kan gbé aṣọ ìgbéyàwó wá, oṣù kẹjọ ló fẹ́ lò ó, mo ní kó gbé e lọ fún ẹlòmíì, mò ń lọ. Orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní gbogbo àdúgbò báyìí ni Mò-ń-lọ. "Mò-ń-lọ, ẹ káàárọ̀!" "Mò-ń-lọ, ẹ ò tíì lọ?" Ọdún kẹta rèé. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, màá wá wọlé lọ sunkún.

Màámi sọ fún mi lórí fóònù lóṣù tó kọjá pé wọ́n fẹ́ gbé ẹ lọ sí tábìlì iwájú, níbi tí wọ́n ti ń gba àlejò, torí pé òyìnbó ẹ já gaara. Inú mi dùn. Ó kéré tán, ẹnì kan ní làákàyè nínú ilé yẹn.

Mo fi lẹ́tà Màámi sínú èyí. Kà á fún wọn, torí ojú wọn kì í tètè mú ọwọ́ kíkọ mi. Má fo ìlà kankan. Kí o sì bá mi kọ àwọn ọ̀rọ̀ àsopọ̀ yẹn ránṣẹ́ pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn, bóyá èmi náà á nílò wọn lọ́jọ́ kan, tí wọn ò bá tíì fi bébà ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ẹ,
Mò-ń-lọ


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Màámi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ìjókòó ilé, ẹ kú ìfaradà.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ tí kò ní dà bí àfojúdi, torí náà ẹ jẹ́ kó dà bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí n ní sùúrù ọdún kan, mo ní in. Ẹ ní ó ku ọdún kan sí i, mo ní ó dáa. Mo lé iṣẹ́ lọ, mo lé ṣọ́ọ̀bù lọ, mo lé ọkùnrin kan tó ní òun ò lè dúró lọ. Gbogbo ohun tó kù ni pé kí ẹ máa fọ ilẹ̀ kí ẹ sì máa dákẹ́. Ẹ ò wá rí ibòmíì kọ́ ìwé àfi ara ìgò ọṣẹ àwọn ẹni ẹlẹ́ni? Àgbàlagbà tó ń lẹ bébà kiri bí ọmọ ilé-ìwé!

Ojú ń tì mí láti sọ fún ẹnikẹ́ni níbí pé ìyá mi ló ṣe é.

Ẹ má bínú. Ó ti jáde lẹ́nu mi.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Àǹtí mi,

Mo kí yín. Mo ka lẹ́tà yín fún Màámi bí ẹ ṣe ní kí n kà á. Irọ́ ni, kì í ṣe bí ẹ ṣe ní.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni. Nígbà tí mo ní ẹ kọ̀wé, Màámi dìde lọ bọ́jú, wọ́n de ṣíkáàfù, wọ́n wá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì bíi pé ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ wọlé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo ka ti sùúrù, mo ka ti ṣọ́ọ̀bù, mo ka ti bébà. Nígbà tí mo dé ìlà ojú ń tì mí, mo fò ó, mo bọ́ sórí "ẹ má bínú."

Màámi ní, "Ìlà mélòó lo fò?"

Mo ní, "Mi ò fo nǹkan kan."

Wọ́n ní, "Ojú ẹ fò ó. Gbé e wá."

Wọ́n fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe máa ń ka àkọlé ara bọ́ọ̀sì, wọ́n kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú. Ń. Tì. Mí. Wọ́n kà á dé òpin. Wọ́n ká bébà náà sí mẹ́rin. Wọ́n ní, "Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́. Èmi ni mo ní kó dúró." Lẹ́yìn náà wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Wọn ò wò mí lójú, àbí èmi ni mi ò wò wọ́n, mi ò mọ̀ mọ́.

Àǹtí mi, kì í ṣe Màámi ló kọ ọ́. Èmi ni. Èmi ni mo gé bébà, èmi ni mo fi máàkà kọ ọ́, èmi ni mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò. Àbá mi ni látòkè délẹ̀. Màámi tiẹ̀ bi mí pé, "Ṣé kò ní bo àkọlé?" Mo ní, "Màámi, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ̀yin ẹ ṣáà máa kàwé." Wọ́n ní, "Ó dáa, tíṣà mi."

Nígbà tí Ọ̀gá Oníkọ́kọ́rọ́ ka ení, mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo búra. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni tábìlì iwájú. Kì í ṣe tábìlì náà gan-an, àga ẹ̀. Àga kan tó ń yí ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo ti ń fi orúnkún fọ àtẹ̀gùn, ó sì wù mí kí n jókòó. Kí ẹnì kan wọlé wá bá mi lórí ìjókòó, kí n ní, "Good morning, how may I help you?" Mo ti ń fi ṣe eré níwájú dígí. Nígbà tó ka èjì, Màámi fi apá tì mí sẹ́yìn díẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún mi tá a bá fẹ́ sọdá títì, wọ́n sì bọ́ síwájú. Wọ́n mọ̀ pé mi ò ní sọ ọ́. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Wọ́n ti mọ irú ẹni tí mo jẹ́ kí n tó mọ̀.

Bàbá Onífìlà náà mọ̀. Èmi ni mo máa ń bá wọn kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìdéṣẹ́ láràárọ̀, wọ́n mọ ọwọ́ kíkọ mi. Wọ́n wò mí lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì wolẹ̀. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kí n bá wọn kọ orúkọ mọ́. Wọ́n ń tẹ̀ka.

Kí n parí gbogbo ẹ̀. Màámi ò lọ sí kíláàsì mọ́, wọ́n ní orí àwọn ti dí. Tíṣà bi mí léèrè wọn, mo ní ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó ní ká kọ gbólóhùn mẹ́rin nípa ohun kan tó ṣẹlẹ̀ sí wa lóṣù yìí, ká sì fi ọ̀rọ̀ àsopọ̀ so wọ́n. Mo kọ ọ́ báyìí:

My mother is at home. She is not sick. I go to work. I push her trolley.

Tíṣà wá dúró síwájú tábìlì mi. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ló máa ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe bíi ti Ọ̀gá Oníkọ́kọ́rọ́. Ó ní, "Kò sí àṣìṣe níbẹ̀. Àmọ́ kálukú wọn dá dúró. Kí ló dé tí ìyá ẹ fi wà nílé?" Ó na bírò pupa ẹ̀ sí mi, ó fi ìka tọ́ka sí ibi tó yẹ kí n kọ because sí. Mo mọ because, Àǹtí mi. Èmi ni mo kọ́ Màámi. Mo gba bírò náà lọ́wọ́ ẹ̀, mo dì í mú títí ó fi gbóná. Mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Mo jáde, mi ò sì padà wọlé. Bírò ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ béèrè wà lẹ́yìn bébà yìí. Ẹ bú mi bó ṣe wù yín. Ẹ ṣáà sọ ohun tí mo máa ṣe fún mi. Ẹ má sọ fún Màámi pé mo sọ fún yín.

Èmi ni


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Ọmọ mi, aránṣọ mi,

Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí, má wo bó ṣe wọ́. Àbúrò ẹ ti lọ síbi iṣẹ́.

Lẹ́tà ẹ dé. Mo kà á. Èmi ni mo lẹ bébà mọ́ ìgò. Mo fẹ́ tètè mọ̀ ọ́n kí o lè tètè dé, mi ò ro ti àkọlé. Má bá àbúrò ẹ wí, kò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọ dáadáa ni. Iṣẹ́ tèmi àti tiẹ̀ ló ń ṣe pọ̀ báyìí, ó sì ń dákẹ́ jù. Tó o bá ń kọ̀wé sí i, fi àwàdà díẹ̀ sí i.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n fi lọ̀ ẹ́, bó bá ṣì wà nílẹ̀, gbà á. Má dúró torí tèmi mọ́. Mi ò ní kó o má bínú.

Jẹun dáadáa.

Ìyá ẹ


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kẹrin

Pẹ́lẹ́ńgẹ́,

Mi ò kí ẹ.

Lẹ́tà ẹ àti ti Màámi dé lọ́jọ́ kan náà. Ti Màámi ni mo kọ́kọ́ ṣí. Mo kà á, ojú tì mí díẹ̀ pé mo le mọ́ wọn jù, mo wá ní kí n tún ka tìẹ. Nígbà tí mo kà á tán mo dìde kúrò nídìí máṣíìnì, mo lọ dúró lẹ́yìn ilé. Ọ̀gá mi pè mí títí ó fi sú u.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fi ránṣẹ́ kọjá òkun, pé ojú ń tì mí nítorí ìyá mi. Lórí ohun tí wọn ò ṣe! Ìwọ lo mú mi kọ ọ́. O tún wá jókòó, o ń kà á sí wọn létí. Ọmọ wo lo jẹ́ gan-an? Torí àga! Mi ò mọ ìgbà tí màá dárí jì ẹ́, má bi mí.

Ó dáa. Mo ti bú ẹ tán. Tẹ́tí sí mi.

O ò gbọ́dọ̀ sọ fún Ọ̀gá Oníkọ́kọ́rọ́. Ṣé o gbọ́? Bí wọ́n bá mọ̀ pé Màámi parọ́ fún wọn lójú gbogbo èèyàn, ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n máa lé jáde, tèmi á sì parí síbẹ̀. Dákẹ́. Bóyá nígbà tí wọ́n bá rí obìnrin àgbà tó ń bẹ̀bẹ̀, àánú á ṣe wọ́n. Èmi náà mọ̀ pé kò dáa. Síbẹ̀ dákẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ni pé kó o mú Màámi padà sí kíláàsì. Fà wọ́n tí wọ́n bá kọ̀. Kí o sì bá mi wá lẹ́tà mi yẹn nínú báàgì wọn, kó o ya á wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Èmi náà máa kọ̀wé bẹ̀ wọ́n, mi ò ní sọ ìdí ẹ̀.

Màámi ní kí n fi àwàdà sí lẹ́tà ẹ. Obìnrin kan wá gba aṣọ lánàá, kò wọ̀ ọ́, ó ní èmi ni mo ṣi ìwọ̀n ẹ̀ mú. Oyún oṣù márùn-ún wà níkùn ẹ̀. Ó parí, rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀gbọ́n ẹ


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹrin

Àǹtí mi,

Ẹ ṣé tí ẹ bú mi. Mo ti ń retí ẹ̀.

Mo ti gbọ́. Mi ò ní sọ fún Ọ̀gá Oníkọ́kọ́rọ́.

Mo tú báàgì Màámi, mi ò rí lẹ́tà yẹn. Mo rò pé ara wọn ni wọ́n ń tọ́jú ẹ̀ sí. Wọ́n ti padà sí kíláàsì. Mi ò fà wọ́n, mo kàn gbé ìwé wọn dání dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi sú wọn. Tíṣà bi wọ́n pé ṣé ẹsẹ̀ wọn ti san. Màámi wò mí. Wọ́n ní, "Yes, thank you. The leg is good now." Wọ́n tún ti parọ́ nítorí mi, wọn ò tiẹ̀ ronú sí i.

Ọ̀túnla ni àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ máa jókòó sí i, ìyẹn ni pé ó ku ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ bá ka òní mọ́ ọn. Ẹ gbàdúrà.

Mo rẹ́rìn-ín sí ti oyún yẹn. Díẹ̀.

Pẹ́lẹ́ńgẹ́


Ogúnjọ́, oṣù kẹrin

Àǹtí mi,

Lẹ́tà yìí ò ní kúrò nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi. Mo ṣì ń pè yín nínú ẹ̀ torí mi ò mọ ẹlòmíì tí mo lè máa pè. Lẹ́tà tí mo kọ lánàá ni ẹ máa rí gbà. Mo ṣi ọjọ́ kà nínú ẹ̀ náà: ọ̀túnla òní ni, kì í ṣe ọ̀túnla àná. Ẹ rí i bí orí mi ṣe wà.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán lónìí, Màámi gbé àga sí iwájú fèrèsé, wọ́n ní kí n wá ṣe tíṣà fún àwọn. Wọ́n ti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ fún àwọn ọ̀gá àgbà sẹ́yìn páálí bísíkíìtì. Wọ́n dìde dúró, wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n ní kí n ṣe bí ọ̀gá. Mo jókòó. Wọ́n ní:

"Good morning sir. I put the paper because I want to pass the exam. It is my fault, so I am sorry. I will not do it again unless you sack me."

Mo ní, "Unless yẹn ò bọ́ sí i, Màámi. Ohun tí ẹ sọ ni pé tí wọ́n bá lé yín, ẹ máa tún un ṣe."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní, "Ìyẹn náà ò burú, kí wọ́n mọ̀ pé mo lè jà." Wọ́n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n tún un sọ. Wọ́n ní, "Ṣé ó ti tọ̀nà báyìí?"

Ó tọ̀nà. Because wà níbi tó yẹ kó wà. So wà níbi tó yẹ kó wà. Kò sí ibi tí Tíṣà lè fi bírò kàn. Gbogbo ẹ̀ tọ̀nà, irọ́ sì ni gbogbo ẹ̀, èmi ni mo sì jókòó síbẹ̀ tí mò ń bá wọn tún un ṣe. Mo ní, "Ó tọ̀nà, Màámi." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ara wọn. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn tún un sọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kó má baà fò lórí àwọn. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni wọ́n sọ ọ́. Mo kà á.

Nígbà tí wọ́n sùn lọ díẹ̀ lórí àga, mo jókòó sílẹ̀, mo wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn. Ó ti sán láti ìgbà tá a ti dé ibí. Mi ò tíì wò ó rí. Mo wá mọ ohun tí mo máa ṣe.

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ni Ọ̀gá Oníkọ́kọ́rọ́ máa ń ṣí yàrá korobá, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀ nígbà yẹn. Lọ́la màá wọlé bá a. Màá mú máàkà dání, màá kọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà sórí bébà níwájú ẹ̀, kó fi wé ti ara ìgò. Mi ò ní jẹ́ kó pariwo tán kí n tó sọ̀rọ̀. Mo ti kọ ohun tí màá sọ, mo fi bírò pupa kọ ọ́, ìlà méjì péré ni: I wrote the words because I wanted my mother to pass. She said it was her because I was afraid. Màá bọ́ ẹ̀wù iṣẹ́ mi, màá ká a dáadáa, màá gbé e lé e lọ́wọ́. Màá bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ fún àwọn ọ̀gá àgbà pé ẹni tó kọ ọ́ ti lọ, kí wọ́n dá Màámi padà, kó má sì sọ fún Màámi pé mo wá. Ó lè kọ̀. Ó lè lé àwa méjèèjì bí ẹ ṣe wí, Àǹtí mi, mo mọ̀. Mo ti rò ó, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà mí dé ìka ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kí Màámi lọ sọ nǹkan yẹn lẹ́ẹ̀kejìlá.

Tí wọ́n bá bi mí nílé, màá ní mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fúnra mi, ó sú mi. Màámi á pariwo. Wọ́n á sọ fún yín, ẹ̀yin náà á bú mi. Gbogbo yín á ní ọ̀lẹ ni mí, pé mi ò tiẹ̀ dúró gba tábìlì iwájú tí wọ́n ṣèlérí fún mi.

Mi ò ní fèsì.